Bàbá Méjì Nínú Wọ́ọ̀dù Kan

Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Durumi, ní Abuja, tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun ṣe nọ́ọ̀sì tàbí kí òun lọ ṣiṣẹ́ báǹkì. Ó wá bá mi nílé ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Màmá, is it stressful?" Ó máa ń gbọ́ Yorùbá mi dáadáa, sísọ ni kì í fẹ́ sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jókòó. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń da ọ̀rọ̀ náà rò.

Iṣẹ́ mi ni kí n fún ènìyàn ní oògùn. Òótọ́ ni pé nọ́ọ̀sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọ ojú egbò, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí mi ò ní máa kà fún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí ọwọ́ mi ti dá ṣáká jù lọ, oògùn ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ títí mo fi di olùkọ́ tí mo sì fẹ̀yìn tì, mi ò lè sọ iye hóró oògùn tí mo kà sí ènìyàn lọ́wọ́, mi ò sì lè sọ iye abẹ́rẹ́ tí mo gún. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnì kan péré ni mo ṣèèṣì gún. Mo máa sọ ti ẹni yẹn fún yín, nítorí òun ló sọ mí di nọ́ọ̀sì. Ìwé ẹ̀rí wulẹ̀ tẹ̀lé e ni.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò ní gbà wá lákòókò. Ọmọ Ìyàrà ni mí, ní ilẹ̀ Okun. Bàbá mi ń dáko, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kátíkísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń fún wa ní owó táṣẹ́rẹ́ tí a fi ń ra ọṣẹ. Ó tán.

Ọdún 1976 ni ìjọba kéde pé Abuja ni olú ìlú tuntun yóò wà. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà ní agbègbè náà láti lọ kọ́ṣẹ́. Tèmi bọ́ sí ọ̀kan lójú ọ̀nà Kàdúná, kò jìnnà sí Zuba. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò ní Utako lónìí, ẹ má rò pé irú ibi tí mo bá nìyẹn. Oko iṣu àwọn Gbagyi àti igi òrí ló pọ̀ jù nílẹ̀ nígbà náà. Ilé ìwòsàn wa ní wọ́ọ̀dù mẹ́ta péré: ti ọkùnrin, ti obìnrin, àti ti aláboyún. Nígbà tí àwọn káfíńtà, bíríkìlà àti awakọ̀ katapílà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú láti Ìṣẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Abẹ́òkúta láti wá kọ́ olú ìlú, wọ́ọ̀dù ọkùnrin kún fọ́fọ́, Yorùbá sì ń dún níbẹ̀ tó Haúsá.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Sístà Adébánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, òun ni olórí wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Fìlà rẹ̀ kì í wọ́, ohùn rẹ̀ kì í ga, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń ba dókítà pàápàá. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo kúnlẹ̀ láti kí i. Èékánná mi ló kọ́kọ́ wò. Ó na sísọ́ọ̀sì sí mi, ó ní kí n lọ gé wọn ná, lẹ́yìn náà kí n wá kí òun.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko mi ò fọwọ́ kan oògùn. Sìríǹjì ni mò ń sè. Onígíláàsì ni sìríǹjì ìgbà náà. A máa ń tú u, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ wé e kó má baà fọ́, a ó sì sè é nínú ìkòkò irin bí ẹni ń se ẹyin. Abẹ́rẹ́ kan náà là ń sè tí à ń lò lójoojúmọ́. Tó bá kújú, a ó pọ́n ọn lórí òkúta, a ó sì fi òwú wò ó: tí òwú bá há sí i lẹ́nu, kò tíì mú nìyẹn. Sístà ní bí òun bá tún rí abẹ́rẹ́ tí mi ò pọ́n dáadáa, èmi lòun máa fi gún. Mo rò pé ó ń dẹ́rù bà mí lásán ni. Apá mi wú fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí mo wá dé ìdí oògùn, ó kọ́kọ́ fi hóró klorokúìnì kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí n má gbé e mì wéré. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Ó ní kí n lè mọ ohun tí mò ń fi agbára mú àwọn ọmọ ọlọ́mọ gbé mì ni. Bó ṣe ń kọ́ ènìyàn nìyẹn. Ó ní oògùn kò mọ ẹni tó fẹ́ wò sàn, ibi tí a bá rán an ló ń lọ. Èyí tí a gbé mì máa ń gba inú kọjá, ó máa ń kọjá lára ẹ̀dọ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà; tí o bá ti ṣìṣe, o ṣì lè bá a lọ́nà. Ṣùgbọ́n èyí tí o fi abẹ́rẹ́ gún wọlé kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó kọ́ mi pé oògùn ọkàn kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mo sì ti ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá pé ọgọ́ta, kí n dá oògùn náà padà, kí n pe dókítà. Ó ní kí n ka ara ìgò lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tí mo bá mú un, nígbà tí mo bá ń dà á, àti nígbà tí mo bá ń dá a padà sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá mi wí. Ó da gbogbo oògùn inú àwo náà nù, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì kìíní, ogún ọkùnrin sì jókòó, wọ́n ń wò mí.

Ìka márùn-ún ló fi kọ́ mi ní oògùn fífún. Orúkọ ẹni tó ni ín, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara, àkókò rẹ̀. Mo máa ń ká wọn níkọ̀ọ̀kan bí mo bá ń fọwọ́. Mẹ́rin kò fún mi ní wàhálà. Èyí àkọ́kọ́ ni kò ṣeé ṣe fún mi.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í dárúkọ àgbà. Ìyàwó ilé wa kan wà tó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Akọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Akọ̀wé, kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ìyàwó kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá. Sístà wá ní kí n dúró síwájú ọkùnrin tó lè bí mi, kí n wò ó lójú, kí n bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n máa bèèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá báyìí?" Ó ní rárá. Ó ní ẹni tí ara ń ro máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ohun gbogbo kí a ṣáà lè fi í sílẹ̀. Ó ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí n sì fi ojú ara mi wò ó lórí káàdì.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, bàbá kan láti Abẹ́òkúta wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, tí Sístà bá ń wò mí, mo máa ń bèèrè orúkọ pẹ̀lú ohùn tí ẹ̀fọn pàápàá kò ní gbọ́. Tó bá ti yíjú, gbogbo wọn di Bàbá. "Bàbá, ẹ káàárọ̀, oògùn yín rè é." Wọ́n fẹ́ràn mi gan-an. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Oṣù díẹ̀ ló kù kí a ṣe ìdánwò àṣekágbá wa. Bàbá méjì ni wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù lásìkò náà, àwọn méjèèjì ti hu ewú. Bàbá Jósẹ́fù, awakọ̀ katapílà láti Ògbómọ̀ṣọ́, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, à ń gún un ní íńsúlínì láràárọ̀ kó tó jẹun. Bẹ́ẹ̀dì kẹfà ló wà. Bàbá Sùmọ́nù, káfíńtà láti Ìṣẹ́yìn, ìpá ló ń dà á láàmú, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ni tirẹ̀, láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì tó fún pọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kẹfà wà lẹ́bàá ògiri, àyè sì wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, Bàbá Sùmọ́nù bẹ Bàbá Jósẹ́fù pé kó jẹ́ kí àwọn pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí òun lè rí ibi tẹ́ ẹní ìkírun. Bàbá Jósẹ́fù, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, kó ẹrù rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí ẹni tó sọ fún àwa nọ́ọ̀sì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan ń rọbí, ọmọ sì fi ẹsẹ̀ ṣáájú. Wọ́n sáré wá pe Sístà pé kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù aláboyún. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wo íńsúlínì kí a tó gún un, ṣùgbọ́n ọmọ ń bọ̀, èmi nìkan ló sì kù nílẹ̀. Bó ṣe ń jáde, ó ní, "Fúnkẹ́, fún Bàbá ní íńsúlínì rẹ̀, mò ń bọ̀."

Mo yọ ìgò náà nínú fíríìjì oníkẹrosínì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fa ìwọ̀n rẹ̀ pé, mo gbé sìríǹjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kò lé, kò dín. Ìka mẹ́rin pé pérépéré. Mo lọ sí bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Bàbá tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, ó ń ká ẹní rẹ̀. Ẹ wo irú afọ́jú tí mo jẹ́, mo rí ẹní ìkírun, kò sọ nǹkan kan sí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà, abẹ́rẹ́ yín ti dé." Ó ní, "Yauwa, ọmọ mi," ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó rò pé abẹ́rẹ́ iṣẹ́ abẹ ni. Mo gún un, mo fi òwú ra á, ó ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run yóò fún mi lọ́kọ rere.

Ó tó ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà, mo ń fọ sìríǹjì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pè mí láti àárín wọ́ọ̀dù. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní gún mi lónìí ni? Ebi ti ń pa mí." Mo yíjú. Bàbá Jósẹ́fù ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mi ò sáré. Mo dúró. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Íńsúlínì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ni. Ẹni tí ṣúgà tirẹ̀ pọ̀ jù ni à ń fún. Bàbá Sùmọ́nù kò ní àtọ̀gbẹ, kò sì tíì fẹnu kan nǹkan láti ìrọ̀lẹ́ nítorí iṣẹ́ abẹ. Láìpẹ́ wọ́n máa wá gbé e lọ sí tíátà, wọ́n máa fún un ní oògùn oorun. Tí kò bá jí, wọ́n á ní iṣẹ́ abẹ ló pa á. Mo lè fa íńsúlínì mìíràn, kí n gún Bàbá Jósẹ́fù, kí n dákẹ́, kí n ṣe ìdánwò mi, kí n gba ìwé ẹ̀rí mi, kí bàbá mi sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò ó. Bóyá ìṣẹ́jú kan ni mo fi rò ó. Ìṣẹ́jú yẹn ni mo ń tọrọ àforíjì fún títí dòní, ju abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi gbéra. Mo já wọ wọ́ọ̀dù aláboyún, mo ní, "Mà, ẹni tí kò yẹ ni mo gún."

Kò pariwo. Kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó ní, "Ta ni? Ìwọ̀n wo? Ìgbà wo?" Mo dáhùn. Ọmọ tó ń bọ̀ náà ti jáde, ó gbé e fún agbẹ̀bí, ó ní, "Ṣúgà. Sáré."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, òógùn ti bo Bàbá Sùmọ́nù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Ìṣẹ́yìn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jókòó tì í. Mo po ṣúgà sínú ife, Sístà gbé orí rẹ̀ sókè, ó ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó gbé èkíní mì, ó gbé èkejì mì, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ ṣí sókè, kò gbé mì mọ́. Sístà dá ife dúró kó má baà gba ọ̀nà èémí. Dókítà dé, ó wá iṣan, ó fi omi ṣúgà líle sí i. Mo di ọwọ́ bàbá náà mú, mo ń ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù, mi ò mọ iye tí mo kà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó mí kanlẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi pọ̀ báyìí lórí mi?"

Mo sunkún bí ọmọdé. A kò fi í sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, nítorí íńsúlínì kì í tètè tán lára. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síwájú. Nígbà tí ó ti jẹun tí ara rẹ̀ sì ti balẹ̀, Sístà fún mi ní ìwé àti kálàmù, ó ní kí n jókòó, kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo kọ ti bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ti orúkọ tí mi ò bèèrè, mo tilẹ̀ kọ ti ìṣẹ́jú kan tí mo dúró. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò kọ ni bí Sístà ṣe rán mi. Mo rò pé kò sí ọmọlúàbí tí yóò ka ẹjọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo fún un, ó sì mú un lọ fún Mátírọ́ọ̀nù, olórí gbogbo àwa nọ́ọ̀sì.

Ní ọjọ́ kẹta, Sístà ní èmi ni kí n gbé oògùn lọ fún Bàbá Sùmọ́nù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rán ẹlòmíràn. Ó gbé àwo oògùn lé mi lọ́wọ́. Mo dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé àwo náà sílẹ̀. Bàbá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Wọ́n ti ṣàlàyé fún mi. Ìwọ fúnra rẹ lo lọ sọ, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ forí jì mí. Ojú ń tì mí láti pe àgbà lórúkọ."

Ó ní, "Ta ló ní kí o pè mí lórúkọ? Bi mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Bàbá wo ni inú rẹ̀ ò ní dùn láti sọ ìyẹn?"

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ wo ni bàbá yín sọ yín?" Ó jókòó dáadáa kó tó dáhùn. Ó ní Sùmọ́nù ni, Àjàní ni oríkì òun, ọjọ́ tí wọ́n sọ òun lórúkọ, òjò rọ̀ débi pé àlejò sùn mọ́jú. Mo wo káàdì. Mo fún un ní oògùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà mi ò bèèrè orúkọ lọ́nà mìíràn mọ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Haúsá, mo sì kọ́ ti Gbagyi lẹ́nu àwọn ìyá tó ń ta ọsàn ní Zuba. Àgbà tí mo bá bi bẹ́ẹ̀ kì í bínú. Àwọn mìíràn á kì ara wọn títí oògùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òtútù. Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìsọmọlórúkọ ni mò ń ṣe. Nígbà tó yá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ní ti ẹjọ́ mi, gbogbo ènìyàn rò pé wọ́n máa lé mi. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Ìdájọ́ tó wá ni pé kí n fi oṣù mẹ́ta kún ìgbà ìkọ́ṣẹ́ mi lábẹ́ Sístà Adébánjọ, kí n tó ṣe ìdánwò. Mo rò pé Bàbá Sùmọ́nù ló bá mi bẹ̀bẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ó lọ rí Mátírọ́ọ̀nù. Mo ṣe oṣù mẹ́ta náà, mo ṣe ìdánwò, mo yege. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀ náà.

Láìpẹ́, wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe Mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn ńlá tuntun kan nínú ìlú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Sístà ni ipò náà tọ́ sí. A ti ń kí i kú oríire ní kọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún. Wọ́n gbé Sístà lọ sí kílíníìkì kékeré kan ní ọ̀nà Abaji, ó kó àpótí rẹ̀, ó sì lọ. Kò sọ ìdí, kò sì sí ẹni tó tó bi í.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ayé iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣúgà wà nínú ìtọ̀, a máa ń kán ìtọ̀ sínú omi búlúù kan, a ó gbé e sórí iná sípíríìtì, a ó máa wò ó bóyá yóò di àwọ̀ ewé, tàbí yóò pọ́n bíi bíríkì. Lẹ́yìn náà pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé, o kàn máa tì í bọ̀ ọ́ ni. Íńsúlínì tó ní agbára oríṣi méjì, tí sìríǹjì rẹ̀ ní ìlà lọ́tùn-ún lósì, tó máa ń dà wá lórí rú, wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kan. Sìríǹjì oníke dé, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń jù nù. Àwọn aláìsàn kò gbà á gbọ́ rárá, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Èmi alára, èyí àkọ́kọ́ tí mo lò, mi ò lè jù ú nù. Mo fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e síná. Nígbà tí mo ṣí ìkòkò, ó ti ká kò bí èèpo iṣu. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí eyín Sístà Adébánjọ.

Mo fẹ́ràn gbogbo ohun tuntun wọ̀nyí, mi ò ní sọ pé ayé àtijọ́ dára jù. Mo gún abẹ́rẹ́ tó kújú, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè bá yín bèèrè orúkọ nínú wọn.

Mo lọ kàwé sí i, mo padà wá di olùkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Ní 1990 wọ́n kó ilé ìwòsàn wa lọ sí ilé tuntun, wọ́n ní kí èmi àti akọ̀wé kan ṣa àwọn ìwé àtijọ́, kí a mọ èyí tí a máa jó. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìwé mi. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi lójú ẹsẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ibi tí mo fọwọ́ sí, ẹnì kan ti fi ọwọ́ tó dúró ṣánṣán kọ nǹkan sí i:

"Akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni méjì ló yẹ kó wo íńsúlínì. Èmi ni mo rán an lọ ní òun nìkan, mi ò sì dárúkọ aláìsàn fún un. 'Bàbá' ni mo wí. Ẹ̀bi mi ló ṣáájú tirẹ̀. Bí ẹnì kan yóò bá pàdánù nǹkan nítorí èyí, kí ó má jẹ́ òun." Ó fọwọ́ sí i: Adébánjọ.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Akọ̀wé náà bi mí bóyá ara mi yá. Gbogbo ọdún tí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Sùmọ́nù, mi ò mọ ẹni tó san gbèsè mi.

Sístà ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kuje. Ní ọjọ́ Saturday tó tẹ̀lé e, mo mú ìwé náà, mo wọ mọ́tò. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti darúgbó díẹ̀, ṣùgbọ́n èékánná mi ló kọ́kọ́ wò. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó kà á, ó ká a, ó dá a padà fún mi.

Mo ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ìwé yìí ni wọ́n fi gba ipò tó tọ́ sí yín lọ́wọ́ yín."

Ó ní, "Ṣé bàbá yẹn kú?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o tún ti ṣi ẹlòmíràn gún láti ìgbà náà?"

"Rárá, mà. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Àwọn tí ò ń kọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bèèrè orúkọ?"

"Wọ́n ń bèèrè, mà. Gbogbo wọn."

Ó tún gbé ẹ̀wà rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó ní, "Kí ni mo wá pàdánù?"

Mo sunkún níwájú rẹ̀, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí n máa lọ kí mọ́tò tó wọ́n, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò wà ní wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ Monday, ó sì yẹ kí wọ́n bá mi níbẹ̀.